Òpó Inú Orí Àkànbí

Kí n tó dé Dacula nílẹ̀ òyìnbó yìí, kò sí ẹni tó yẹ ọwọ́ mi wò rí. Ní Ṣakí, bí obìnrin bá bímọ ní agbo ilé wa, èmi ni wọ́n ń wá pè. Àwọn tí mo wẹ̀ ní ìkókó ti di bàbá ọmọ, irùngbọ̀n àwọn mìíràn nínú wọn ti funfun. N ò lọ sílé ìwé, n ò sì mọ lẹ́tà kankan, ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ wẹ̀. Iṣẹ́ tí Bọ́sẹ̀ ọmọ mi tìtorí ẹ̀ ránṣẹ́ pè mí nìyẹn nígbà tó tún lóyún lẹ́yìn ọdún gbọọrọ. Mo di òrí, mo di àdí, mo di ọṣẹ dúdú. Nígbà tí mo dé pápákọ̀ òfuurufú wọn, wọ́n tú wọn palẹ̀ lójú gbogbo èrò, wọ́n ń gbóòórùn wọn. Ojú tì mí bí ẹni tó gbé ẹrù olè. N ò mọ̀ pé ìtìjú ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Tiwà, àkọ́bí Bọ́sẹ̀, ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ń lọ sí yunifásítì ní Downtown, láàárín ìlú ńlá. Yorùbá ẹnu ẹ̀ máa ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tó wọ bàtà tó tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo sọ tí kì í yé e. Mo ti ní kó má bá mi tún un ṣe.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu níbí ni pé àwọn ilé jọra bí ìbejì. Mo jáde lọ yá oòrùn lọ́jọ́ kan. Nígbà tí mo máa padà, ilẹ̀kùn ilé onílé ni mo lọ ń tì gbọn-gbọn. Ọmọkùnrin òyìnbó kan yọjú, ó rẹ́rìn-ín, ó nàka sí ilé tiwa. Mo kúnlẹ̀ kí i. Àṣé ọkọ Bọ́sẹ̀ ti rí mi láti inú mọ́tò.

Ó ní, "Màmá, wọn kì í kúnlẹ̀ fún èèyàn níbí o. Ọmọ yẹn ò tiẹ̀ tó Tiwà lọ́jọ́ orí."

Mo ní, "Dádì Tiwà, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó fẹ́ fọ́lé láìmọ̀, ṣé orí ìdúró ló máa ti bẹ̀bẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Àna mi ni, n kì í pè é ní ìwọ. Nígbà yẹn, a ṣì ń bára wa ṣàwàdà.

Ohun kejì ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Nọ́ọ̀sì ni Bọ́sẹ̀. Nígbà tí ìsinmi ìbímọ ẹ̀ parí, ó padà sẹ́nu shift. Ọkọ ẹ̀ ń lọ sí ọ́fíìsì, Tiwà ń lọ sílé ìwé. Èmi àti ìkókó la máa ń wà. Mo máa ń dúró lójú fèrèsé kí n lè rí èèyàn. Mọ́tò á dé, ilẹ̀kùn ilé á ṣí fúnra ẹ̀, ilé á gbé mọ́tò mì tòun tẹni tó wà nínú ẹ̀, ilẹ̀kùn á sì padé. Ìyẹn ni aládùúgbò. N ò rí ẹni tí mo lè ké sí pé, "Ẹ bá mi di ọmọ yìí mú, mò ń bọ̀." Ìdí nìyí tí mo fi ń bá Àkànbí sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi yí. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n oríkì ẹ̀ nìkan ló máa ń bọ́ sí mi lẹ́nu.

Ìwẹ̀ ẹ̀ ni ayọ̀ mi. Mo máa ń jókòó sórí àpótí, mo máa ń na ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mo máa ń tẹ́ ọmọ sórí ojúgun mi. Mo máa ń fi kànìnkànìn àti ọṣẹ rin ín. Mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ gba ooru omi, mo máa ń tẹ orí ẹ̀ kó lè rí roboto. Mo máa ń na apá, mo máa ń na ẹsẹ̀. Mo máa ń di ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì mú kí orí ẹ̀ wá sílẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo máa ń jù ú sókè, mo máa ń hán an, kó má bàa di ojo. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ìyá mi ṣe.

Ọkọ Bọ́sẹ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ẹ rọra o! Háà, Màmá!"

"Dádì Tiwà, ta ló wẹ̀ yín nígbà tẹ́ ẹ wà ní ìkókó?"

"Ìyá àgbà ni."

"Ṣé ẹ fọ́?"

"N ò fọ́, Màmá."

"Ẹ lọ jókòó."

Bọ́sẹ̀ á rẹ́rìn-ín láti yàrá. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn létí dòní.

Ó wá tó àkókò tó yẹ kí ọmọ lè gbé ọrùn dúró, Àkànbí ò gbé e dúró. Ara ẹ̀ rọ̀ bí aṣọ tó tutù. Bí mo bá pè é, ojú ẹ̀ á máa wá mi kiri bí ẹni tó gbọ́ ohùn nínú kùrukùru. Mo tún tẹpá mọ́ nínà. Mo ní ọwọ́ mi ló ti rọ̀ jù fún un. Orí ẹ̀ kéré, èmi náà rí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dé e ní fìlà.

Àbúrò mi, Ìyá Lékè, pè mí láti Ṣakí lórí fídíò. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tẹ́ ẹ dé ọmọ ní fìlà nínú ilé? Ẹ jẹ́ n rí orí ọkọ mi."

Mo ní, "Òtútù wà níbí."

"Òtútù wo? Ẹ̀yin fúnra yín ń làágùn níbẹ̀ yẹn! Ọrùn ẹ̀ wá ńkọ́? Ó ń mì bíi ti baba tó ti ibi ẹmu bọ̀."

Ó sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo ní fóònù mi fẹ́ kú. Fóònù ò kú. Èmi ni mo pa á, mo sì jókòó tì í.

Wọ́n gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, a jọ lọ. Obìnrin ni dókítà náà, ojú ẹ̀ tutù. Ó wọn orí Àkànbí, ó gbé apá ẹ̀, apá náà já bọ́. Ó béèrè oríṣiríṣi nǹkan lọ́wọ́ Bọ́sẹ̀, lórí oyún, lórí oúnjẹ, lórí oògùn. Mo ń wo Bọ́sẹ̀, ó ń fi ìka ya etí aṣọ ẹ̀. Dókítà wá béèrè pé ta ló ń tọ́jú ọmọ lọ́sàn-án, ta ló ń wẹ̀ ẹ́. Tiwà túmọ̀ ẹ̀ fún mi.

Inú mi dùn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí mi kú iṣẹ́ ni. Ọmọlángidi kan wà lórí àga níbi tí wọ́n kó nǹkan ìṣeré àwọn ọmọdé sí. Mo gbé e, mo jókòó, mo na ẹsẹ̀ mi, mo wẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wọn láìsí omi. Mo tẹ orí ẹ̀. Mo nà án. Mo dì í mú lẹ́sẹ̀, mo yí i dorí kodò. Mo jù ú sókè, mo hán an, mo tún jù ú, mo tiẹ̀ fi orin díẹ̀ sí i. Nígbà tí mo ṣe tán, mo gbé ojú sókè kí n lè rí ẹni tó máa pàtẹ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ti dáwọ́ ohun tó ń kọ dúró. Dókítà rọra gba ọmọlángidi náà lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Ó yíjú sí Bọ́sẹ̀, ó bi í ní nǹkan kan. Bọ́sẹ̀ wo ilẹ̀. Kò dáhùn.

Ìjọba rán obìnrin kan wá sílé lẹ́yìn ìyẹn. Ó wo ibi tí ọmọ ń sùn, ó wo balùwẹ̀, ó wo àpótí mi. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n na ọwọ́ mi, ó sì fi ojú wọ̀n wọ́n, ó ń bi mí bí mo ṣe ń dì í mú. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Tiwà ló sọ fún mi nínú mọ́tò pé bí wọ́n bá rí i pé ìjùsókè ni ohun tó ṣe ọmọ, wọ́n lè gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀.

Mo ní, "Gba Àkànbí? Nítorí tèmi?"

Ó ní, "Màmá, wọn ò tíì sọ pé ẹ̀yin ni. Wọ́n ń wádìí ni."

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó ní kí n má wẹ ọmọ mọ́. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, kò sí ẹni tó sọ ọ́. Ọkọ Bọ́sẹ̀ kàn ra baàfù kékeré kan tó ní ibi tí ọmọ ń gbé orí lé, ó ń wẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ̀, ó ń ti ilẹ̀kùn. Èmi á wà nínú yàrá mi, màá máa gbọ́ ìró omi. Bí mo bá fẹ́ gbé ọmọ, ẹnì kan á ti gbé e. "Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá, ẹ sinmi." Ẹ sinmi, ẹ sinmi. Ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ pé kó sinmi lemọ́lemọ́, ẹ̀sùn ló wà lọ́rùn ẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin á yí mi ká. "Mama, when una go back this boy? Ẹ pọ̀n ọ́n wá ká rí yín o, Grandma!" Mo ń rẹ́rìn-ín. Mo fi ọwọ́ mi sábẹ́ ìborùn. Nílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí jẹ iyán, kí ọwọ́ mi má bàa wà lórí tábìlì lójú wọn. Tiwà rí i. Ọjọ́ kejì, òun náà mú ṣíbí, ó ń fi jẹ iyán tiẹ̀.

Wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú orí Àkànbí. Wọn ò rí ẹ̀jẹ̀, wọn ò rí egungun tó sán. Ṣùgbọ́n wọ́n rí nǹkan mìíràn. Mo ti fọ́ orí ewúrẹ́ sí ìkòkò láìmọye ìgbà, mo mọ bí ọpọlọ ṣe máa ń ká kọ́rọkọ̀rọ. Tiwà ní tèèyàn náà ká bẹ́ẹ̀. Ti Àkànbí ò ká. Ó dán bí igbá níbi tó pọ̀ níbẹ̀. Dókítà ní ó jọ pé láti inú oyún ni, ṣùgbọ́n àwọn fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ àti ti bàbá àti ti ìyá, kí àwọn lè rí ìdí ẹ̀. Obìnrin ìjọba náà ní òun náà á dúró de èsì yẹn. La bá ń dúró.

N ò gbà á gbọ́. Mo ń sọ ọ́ lọ́kàn pé àbí títẹ̀ tí mo tẹ orí ẹ̀ ló jẹ́ kó dán. Ohun tí èèyàn bá fi ọwọ́ tẹ̀ lójoojúmọ́, ṣebí dídán ló máa ń dán. Mo sọ fún Tiwà. Ó wò mí títí, ó ní, "Màmá, ẹ wọ bàtà. Mo fẹ́ fi nǹkan hàn yín."

Àṣé iṣẹ́ tí ọmọ yìí ń kọ́ ní Downtown nìyẹn. Ilé gíga ni, òtútù ibẹ̀ dà bíi ti inú fíríìjì. Olùkọ́ wọn gbà kí n wọlé, wọ́n fi aṣọ funfun kan wọ̀ mí, èmi tí n ò wọ yúnífọ́ọ̀mù iléèwé rí. Tiwà tan nǹkan kan bíi tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí n wò ó.

Òkùnkùn ni mo kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí nǹkan kan tàn nínú ẹ̀, ó ní ara, ó ní ọwọ́ gígùn kan, ọwọ́ náà ní àwọn ìka wẹ́ẹ́rẹ́ tó ń táràrà síwájú, bí ọwọ́ afọ́jú tó ń wá ògiri.

Mo ní, "Kí lèyí?"

"Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ni, Màmá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Ti eku ni."

"Eku? Eku tí à ń fi jẹ ọ̀kà?"

Olùkọ́ ẹ̀ béèrè ohun tí mo wí. Nígbà tí Tiwà sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ojú ẹ̀ fi pọ́n.

Tiwà wá ń ṣàlàyé fún mi. Ó ní nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún, tí ọpọlọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ọpọlọ, inú lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń bí àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí, ìta sì ni ibùgbé wọn. Olúkúlùkù á rìn lọ síbi tiẹ̀. Ó ní kò sí egungun lára wọn, ṣùgbọ́n òpó wà nínú wọn, òpó tín-ínrín tó ní ihò nínú bí ìyẹ́ adìẹ. Ó fi àwọn òpó náà hàn mí, wọ́n kùn wọ́n ní àwọ̀ ewé. Ohun tí wọ́n fi mọ òpó náà ni wọ́n ń pè ní túbúlìn, kékeré-kékeré bíi bíríkì. Bíríkì á máa dára pọ̀ mọ́ orí òpó níwájú, á sì máa já kúrò lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ náà ṣe ń gùn síwájú, tí sẹ́ẹ̀lì sì ń fa ara ẹ̀ tẹ̀ lé e.

Mo wò ó. Ó ṣe díẹ̀ kó tó yé mi. Lójú òpópónà ilé wa ní Ṣakí, bí òjò bá ti gba ilẹ̀, ẹrẹ̀ á muni dé orókún. Bí pákó wa ò bá tó, a máa ń dúró lórí èyí tó wà níwájú, a ó bẹ̀rẹ̀ fa ti ẹ̀yìn yọ, a ó gbé e síwájú. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa lọ títí a ó fi dé ìsọdá. Mo sọ ọ́ fún Tiwà.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Màmá!"

"Bí pákó náà bá wá wọ́ ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹ ò ní lè sọdá nìyẹn."

"Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bá dúró lójú ọ̀nà wá ńkọ́, ṣé wọ́n ń kú?"

"Púpọ̀ nínú wọn ò kú, Màmá. Wọ́n máa ń wà níbi tí wọ́n dúró sí. Wọ́n á máa gbìyànjú àtiṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò sí láàárín àwọn tó yẹ kí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀."

A wọ ọkọ̀ ojú irin padà dé ibi tí Tiwà gbé mọ́tò ẹ̀ sí. Àwọn èèyàn jókòó, olúkúlùkù ń wo fóònù. Mo ń rò ó pé bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe wà. Mo kúrò ní Ṣakí, n ò dé ibì kankan. N ò kú, mò ń gbìyànjú àtiṣiṣẹ́, àwọn tó yẹ kí n máa bá sọ̀rọ̀ kò sí nítòsí mi. Mo sì tún ń rò ó pé bóyá ohun tí Àkànbí ń wá nìyẹn bí ojú ẹ̀ bá ń rìn kiri. Mo fa ìborùn bo ojú. Ìtìjú ni ká máa sunkún láàárín èrò.

Èsì dé. Gbogbo wa lọ. Dókítà náà ya àwòrán sórí pátákó, ó ń bá Bọ́sẹ̀ àti ọkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ gbọọrọ. Mo fa Tiwà láṣọ. "Bi í bóyá títẹ̀ tí mo tẹ orí ẹ̀ ni."

Tiwà bi í. Dókítà gbé àga ẹ̀ wá síwájú mi, ó jókòó kí ojú wa lè ṣe déédéé. Ó ń sọ̀rọ̀, Tiwà ń tú u. Ó ní bíríkì inú òpó yẹn ló yí díẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, kí ikùn Bọ́sẹ̀ tó yọ. Ó ní kò sí ọwọ́ ènìyàn tó dé ibẹ̀. Ó ní kò ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, kò ti ọ̀dọ̀ ìyá wá, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni jẹ tàbí tó mu, tuntun ló bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ náà. Ó ní kò sí oògùn tó lè tún òpó náà mọ. Àwọn kan máa wá máa kọ́ ọ bó ṣe máa gbé ọrùn, bó ṣe máa gbé oúnjẹ mì. Ó wá di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n má jù ú sókè mọ́ láé, kí n má sì yí i dorí kodò, àti òun àti ọmọ mìíràn, torí ìyẹn lè pa ọmọ tó tiẹ̀ le koko. Mo mi orí. Ó dá mi láre, ó sì bá mi wí, ojú sì tì mí fún méjèèjì.

Obìnrin ìjọba náà wá dágbére. Ọmọ á wà nílé. Ọkọ Bọ́sẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú." Mo ní kó dìde, kò sí ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n Bọ́sẹ̀ ń sá fún mi. Ó ń wọ ilé, ó ń jáde, kì í wo ojú mi. Bí mo bá wà ní ilé ìdáná, á lọ sí yàrá. Mo ní ó dáa, wọ́n dá mi láre, wọn ò dá mi padà sí àyè mi. Mo sọ fún ọkọ ẹ̀ pé kó bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo fẹ́ máa lọ sílé.

Mo jókòó sórí àpótí, mò ń di ẹrù lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Bọ́sẹ̀ ni. Kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó gbé ọmọ sí èjìká kan, ó fi ọwọ́ kejì di bàsíà omi mọ́ ìhà, omi ti dà sí i lára. Ó gbé omi sílẹ̀, ó gbé Àkànbí lé mi lẹ́sẹ̀, ó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ẹ má lọ."

Mo ní, "Kí ni mò ń ṣe níbí? Ìwọ tí o ò lè wo ojú mi."

Ó ní, "Láti ìgbà tí orí ẹ̀ ò ti dàgbà, mo ti rò pé èmi ni. Mo ń ṣe shift méjì pa pọ̀ nínú oyún yẹn. Mo ń gbé aláìsàn. Orí ń fọ́ mi, mo ń lo oògùn. Nígbà tí dókítà ń bi mí ní ìbéèrè, ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu. Ẹ̀yin wá gbé ọmọlángidi, ẹ jù ú sókè, gbogbo ojú kúrò lára mi. Ó bi mí pé ṣé bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ nílé wa nìyẹn. Màmá, ó yẹ kí n dáhùn. Ó yẹ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe wẹ èmi náà, ẹ ò ní in lọ́kàn láti ṣe ibi. Mo dákẹ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń wo ọwọ́ yín, èmi ń sinmi."

Ọwọ́ mi gbé sókè láti gbá a létí, mo mọ̀ pé ó gbé. N ò lè sọ pé n ò rò ó. Mo wo orí Bọ́sẹ̀ níbi tó tẹ̀ ẹ́ sí lórí orókún mi, irun ẹ̀ ti ń hu funfun níwájú, mo rántí bí orí yẹn ṣe rí nígbà tí mo kọ́kọ́ fi omi gbígbóná kàn án. Ojú tì mí pé ọmọ tí mo bí ru irú ẹrù yẹn nínú ilé tí mo wà, mo sì rò pé èmi nìkan ni mo ń ru ẹrù.

Mo ní, "Bọ́sẹ̀. Ṣé o wá sinmi lóòótọ́?"

Ó mi orí. "Rárá, Màmá. N ò sinmi."

Mo fi ọwọ́ kan inú bàsíà.

Mo ní, "Omi ń tutù. Gbá ọrùn ẹ̀ mú dáadáa, kí n bọ́ aṣọ lára ẹ̀."